Owó ẹyọ ìgbà ogun Jámánì: kí ni ká ṣe sí èyí tí a bá nínú àpótí bàbá ńlá wa?

ỌmọÒjé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òrùlé ń jò nílé wa ní Òjé, n'Ìbàdàn, la bá kó ẹrù yàrá bàbá àgbà wa síta. Lábẹ́ aṣọ òfì tí kòkòrò ti jẹ, a rí àpótí páànù kékeré kan. Ìwé owó orí mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ kan àti owó ẹyọ mẹ́rin. Mẹ́ta nínú owó náà jẹ́ onínì oníhò ayé Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Ìkẹrin ló yà wá lẹ́nu. Ó fẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, adé wà lójú kan pẹ̀lú D.O.A. àti 1916, wọ́n sì kọ 20 HELLER sí ojú kejì láàárín ewé tí wọ́n hun yí i ká. Wọ́n ti lu ihò sí i létí.

Ohun tí àwọn àgbà ilé wa sọ ni pé bàbá tó bí bàbá àgbà wa ṣe sójà, ó wọkọ̀ ojú omi lọ bá ará Jámánì jà ní apá ibì kan ní Áfíríkà, ó sì padà wálé láàyè.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ kó dán, ká gbé e lọ sí Dùgbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, owó wo nìyí? Ṣé ká fọ̀ ọ́? Látìgbà tí mo ti rí i ni mo ti ń kà nípa owó tí àwọn ìlú Jámánì ṣe fúnra wọn nígbà ogun, ọkàn mi sì ti fà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ máa kó o jọ, ibo ló ti ń bẹ̀rẹ̀?

BàbáRéluwé

Ọmọ mi, kọ́kọ́ gba ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ná. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan pa owó yẹn lára.

Tabora là ń pè é láàárín àwa tó ń kó owó jọ. D.O.A. yẹn, Deutsch-Ostafrika ni, ilẹ̀ tí Jámánì gbà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń jẹ́ Tanzania lónìí. Rupie ni wọ́n ń ná níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún heller ló wà nínú rupie kan. Kí ogun tó dé, Berlin àti Hamburg ni wọ́n ti ń rọ owó náà wá. Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1914, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun pa, owó ẹyọ ò rọ́nà wọlé mọ́. Bẹ́ẹ̀ áskárì, ìyẹn sójà adúláwọ̀ tó ń jà fún Jámánì, ń retí owó oṣù, aláàárù ń retí owó ẹrù, ará ìlú ò sì fọkàn tán owó ìwé. Ní 1916, wọ́n sọ wọ́kṣọ́ọ̀bù réluwé tó wà ní Tabora di ilé ìrọwó.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́kṣọ́ọ̀bù réluwé Èbúté Mẹ́tta, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí máa ń wọ̀ mí lára. Irinṣẹ́ tí a fi ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń rọ owó. Owó ń fẹ́ kí èèyàn gbẹ́ àwòrán sínú irin líle ní ìdàkejì, kó gbẹ́ ti ojú méjèèjì, kó tẹ idẹ sáàárín wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì jáde bó ṣe yẹ. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí 20 heller kan fi jẹ́ idẹ, tí òmíràn fi jẹ́ bàbà pupa. Wọ́n ní ara kẹ́ẹ̀sì ọta àgbá ni wọ́n ti rí lára idẹ náà. Bí irin tí wọ́n gbẹ́ bá sán, wọ́n á gbẹ́ òmíràn, ọwọ́ méjì ò sì lè gbẹ́ nǹkan dọ́gba. Wo adé orí tìrẹ dáadáa: adé kan tóbi, ìkejì kéré. Wo ìdí lẹ́tà L méjèèjì nínú HELLER: lára owó kan ó mú ṣóńṣó, lára òmíràn ó ká kò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fi ìyẹn pín in sí oríṣiríṣi. Lẹ́tà T kékeré kan wà lábẹ́ iye owó náà, òun ló dúró fún Tabora. Wá a, kó o padà wá sọ fún wa.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi wúrà ibi ìwakùsà Sekenke rọ 15 rupie. Erin ló wà lójú rẹ̀, ó gbé ọwọ́jà sókè, òkè ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. 16,198 péré ni wọ́n rí rọ. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 1916, ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù ti gba Tabora, iṣẹ́ parí. Owó tí kò lo ọdún kan nílé ìrọwó ni.

Ní ti bàbá ńlá yín, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yín bá ìtàn mu. Àwọn sójà Nàìjíríà gúnlẹ̀ sí Dar es Salaam ní oṣù kejìlá 1916, wọ́n sì ja ìjà tó le gan-an ní Mahiwa ní oṣù kẹwàá 1917. Ibi tí wọ́n ti ń ná owó yẹn gan-an ni wọ́n lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn

Ẹ ṣé, bàbá. Ti Tabora yé mi, òkun ló dí mọ́ wọn. Àwọn ìlú inú Jámánì gan-an ńkọ́? Ìjọba wà níbẹ̀, ilé ìrọwó wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ìlú kékeré á fi máa ṣe owó tirẹ̀?

Nọ́ọ̀sìMünster

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìmọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí, nítorí ìlú Münster ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọjà àlòkù ọjọ́ Sátidé ibí ni mo sì ti kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ṣéńjì ni. Ẹ rántí bí kọ́ńdọ́ ṣe máa ń so èèyàn méjì pọ̀ nítorí kò sí ṣéńjì, tí àjèjì méjì á sọ̀kalẹ̀ sí búsítọ́ọ̀bù kan náà tí wọ́n á máa wá ẹni tó máa bá wọn ṣẹ́ owó. Ẹ rántí ìyá ọlọ́jà tó ń fi súìtì dí náírà mẹ́wàá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì nìyẹn, àmọ́ ó fẹjú ju tiwa lọ. Bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀, kálukú ló gbé owó wúrà àti ti fàdákà rẹ̀ pa mọ́. Owó 5 àti 10 pfennig, owó kéékèèké wọn, jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì, owó 1 àti 2 pfennig jẹ́ bàbà, iṣẹ́ ohun ìjà sì nílò méjèèjì, ìjọba bá ń kó wọn kúrò nígboro. Láti 1915, ìjọba fi irin rọ 5 àti 10 pfennig, nígbà tó di 1916 wọ́n fi alumíníọ̀mù rọ 1 pfennig. Kò kárí. Alásè ò rí ṣéńjì fún oníbàárà, ilé iṣẹ́ ò rí owó kéékèèké san fún òṣìṣẹ́.

Ìgbà náà ni ìlú, àgbègbè, ilé iṣẹ́, títí kan àwọn tó ni ọkọ̀ tíráàmù, bẹ̀rẹ̀ sí í fi síńkì àti irin ṣe tiwọn. Púpọ̀ jáde ní 1917 títí dé 1921. Wọ́n á kọ orúkọ ìlú sí i, wọ́n á ya òǹtẹ̀ ìlú sí i: ẹnubodè, kìnnìún, kọ́kọ́rọ́, igi. Àwọn kan rí roboto, àwọn kan jẹ́ igun mẹ́rin, òmíràn igun mẹ́jọ. Bẹ́ ẹ bá rí Kriegsgeld, owó ogun ni. Notgeld jẹ́ owó ìgbà ìṣòro. Kleingeldersatzmarke, tó máa ń kún ojú owó kékeré fọ́fọ́, ohun tó dípò ṣéńjì ló túmọ̀ sí. Bẹ́ ẹ bá rí Gefangenenlager, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó: ti àgọ́ àwọn tí wọ́n mú lójú ogun nìyẹn. Wọn kì í fún ẹlẹ́wọ̀n ogun ní owó gidi, kó má baà rí owó ọkọ̀ sá lọ.

Sí ọmọ Òjé: àbúrò mi, má kó gbogbo ìlú pọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Mú ìlú kan tàbí agbègbè kan. Westfalen ni mo mú, nítorí ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ojú Freiherr vom Stein, òṣèlú àtijọ́ kan, ló wà lára ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹṣin tó ń fò sókè sì wà lójú kejì. Ti 1922 kan wà tó jẹ́ 100 Mark, obìnrin akéwì ìhín, Annette von Droste-Hülshoff, ló wà lójú rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rí i nínú abọ́ onípáànù kan láàárín bọ́tìnnì àti kọ́kọ́rọ́ ògbólógbòó. Ẹni tó ń tà á kò mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́.

Ti 1923 ló ń múni ronú jù. Nígbà yẹn ogun ti parí, àmọ́ owó Jámánì ti di ewé. Báńkì ìpínlẹ̀ Westfalen ṣe owó ẹyọ tí wọ́n kọ 1 Billion Mark sí. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: Billion ti Jámánì, mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni, òdo méjìlá ló tẹ̀ lé e. Ó fẹ̀ tó mílímítà 60, ó kún àtẹ́lẹwọ́ mi bámúbámú. Nígbà tí owó tuntun, Rentenmark, dé ní oṣù kọkànlá 1923, gbogbo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ wá di Rentenmark kan ṣoṣo. Mo gbé e lé ọwọ́ ọmọ mi obìnrin, mo ṣàlàyé fún un. Ó bi mí pé àwọn tó ti fi owó pa mọ́ de ọjọ́ ogbó ńkọ́. Mo sọ òótọ́ fún un pé ó bá a lọ ni.

Alágbẹ̀dẹIdẹ

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ ti ìtọ́jú, nítorí ibẹ̀ ni owó yìí ti ń kú jù nílẹ̀ wa.

Mo ti fọwọ́ ara mi ba ọ̀kan jẹ́. 10 pfennig síńkì ni, ẹnubodè ìlú wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú ilé ìṣọ́ méjì, mo ṣì ń rí i lọ́kàn. Funfun bí ìyẹ̀fun ti bò ó díẹ̀. Nítorí pé idẹ là ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ nílé wa láti ìgbà bàbá mi, mo fún ọsàn sínú abọ́, mo jù ú sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Nígbà tí mo máa yọ ọ́, ilé ìṣọ́ kan ti lọ, ó dá bíi pé eèrà jẹ ẹ́. Síńkì àti ohun kíkan ò lè bára gbé: ọsàn, ọtí kíkan, omi bátìrì, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́. Ìyẹ̀fun funfun yẹn gan-an, síńkì náà ló ti yí padà. Bẹ́ ẹ bá fá a kúrò, ojú owó lẹ fá.

Irin ní tirẹ̀ kò fẹ́ omi. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ láàárọ̀, ìpẹtà ti wà lára rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Aṣọ òwú rírọ̀ tó gbẹ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Bí ìpẹtà bá ti fẹ́ mú un, ẹ kan òróró maṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ sórí aṣọ náà, kẹ́ ẹ fi kàn án, kẹ́ ẹ tún nù ún kúrò. Fífi bébà oníyanrìn ha á kọ́ o.

Ibi tí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí: kì í ṣe náílọ́ọ̀nù rírọ̀ tó ń rùn bíi bọ́ọ̀lù tuntun. Òógùn tó ń jáde lára irú náílọ́ọ̀nù yẹn máa ń sọ owó di aláwọ̀ ewé, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Àpò ìwé tó mọ́ dára ju ìyẹn lọ fíìfíì. Àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má jù wọ́n nù, wọ́n ń fa ọ̀rinrin. Ẹ kó wọn sínú ike tó ní ìdérí tó mú, kí owó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé l'Ékòó nítòsí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yẹn kì í dá irin sí, nítorí náà kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Etí owó ni kẹ́ ẹ máa fọwọ́ mú. Lára irin, ọwọ́ tó láàágùn á fi àmì ìka sílẹ̀ tí kò ní lọ mọ́.

Ọmọ Òjé, àwọ̀ rúsúrúsú ara tiyín yẹn, ọgọ́rùn-ún ọdún ló dá a. Bí kò bá sí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó ń tàn káàkiri lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

AdéPeckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yẹn, ojúlówó ni. Mo ti ń rà mo sì ti ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mọ́kànlá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rírà.

Ìdùnnú tó wà nínú owó ìlú Jámánì ni pé ẹni tí kò lówó náà lè kó o jọ. Ọ̀pọ̀ nínú ti síńkì àti ti irin kì í ju owó búrẹ́dì kan lọ. Ti Bonn 1920 tí wọ́n ya Beethoven olórin sí, nítorí pé ìlú wọn ni wọ́n ti bí i, ó rọrùn láti rí. Ti Aachen 1920 náà, wọ́n kọ Oecher Grosche sí i. Èdè àdúgbò wọn nìyẹn, bí ìgbà tí wọ́n bá fi ẹnu Ìjẹ̀bú kọ̀wé sára owó. Ti Hamburg 1923 jẹ́ alumíníọ̀mù, ó fúyẹ́ bí ewé. Ní Sachsen, ilé iṣẹ́ tánganran Meissen fi amọ̀ sísun ṣe owó ní 1920 àti 1921, aláwọ̀ igi ni púpọ̀ nínú rẹ̀, idà méjì tó dábùú ara wọn sì ni àmì wọn. Ẹ má jẹ́ kó já bọ́, á fọ́ bí àwo.

Ẹ ra mágínẹ́ẹ̀tì kékeré àti òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá gíráàmù. Ìlú kan lè ṣe owó kan náà ní irin àti ní síńkì, ojú lásán kò sì lè fi dá wọn mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ti dúdú. Mágínẹ́ẹ̀tì á mú irin, kò ní mú síńkì. Àwọn tó ń tà á máa ń kọ nọ́ńbà Funck tàbí Menzel sí i. Àwọn tó ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo owó yìí nìyẹn, nọ́ńbà náà lẹ máa fi mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Owó tó wọ́n ni ayédèrú wà fún. Mo ra 15 rupie Tabora lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Erin wà, òkè wà, T wà. Gíráàmù 7.168 ló yẹ kó wọ̀n. Tèmi wọn 5.9. Ẹni tó tà á kò dáhùn mọ́ látọjọ́ náà, owó oṣù mẹ́ta ló sì bá a lọ. Láti ìgbà yẹn, n kì í sanwó owó wúrà tí n kò bá tíì gbé e lórí òṣùwọ̀n.

Ohun kan tún wà. Ẹ máa rí owó alumíníọ̀mù tí wọ́n kọ Litzmannstadt 1943 sí. Ti ogun kejì nìyẹn, ti Łódź ní Poland, níbi tí wọ́n ti ti àwọn Júù mọ́ kí wọ́n tó kó wọn lọ pa. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ súà. Èmi kì í tà á. Ẹni tí ojúlówó rẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ni mo máa ń ní kó gbé e lọ.

Ọmọ Òjé, ní ti tiyín, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín: ihò yẹn á dín iye rẹ̀ kù púpọ̀ lójú oníṣòwò. 20 heller pọ̀ ju ti wúrà lọ fíìfíì. Kò ní tún òrùlé yín ṣe.

BàbáRéluwé

Òótọ́ ni Adé sọ nípa ọjà. Àmọ́ ọmọ mi, wo ihò náà fún mi. Fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Bí etí ihò bá mú gírígírí yíká, wọ́n lu ú, wọ́n sì fi pamọ́ ni. Bí okùn bá ti gbé e kọ́ fún ìgbà pípẹ́, apá òkè ihò, níbi tó kọjú sí etí owó, á ti dán, á sì ti jẹ wọlé díẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù nílé yín.

Nígbà tó o bá ń tú àpótí, wo bóyá ṣílè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 1920 sí tó pọ́n bí idẹ. Fàdákà ni ṣílè wa tẹ́lẹ̀. Ogun yẹn náà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn

Bàbá, n kò mọ ti ṣílè yẹn rí. Mo ń lọ tú àpótí ìyá mi báyìí.

ỌmọÒjé

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi létí, ó sì ti gbé ọsàn rẹ̀ padà sínú ilé ìdáná. Kò sí ṣílè nínú àpótí náà, bàbá.

T wà lábẹ́ iye owó náà. Ìdí L méjèèjì mú ṣóńṣó. Mágínẹ́ẹ̀tì kò mú un, àwọ̀ tó sì hàn létí ihò náà jẹ́ ìyeyè, idẹ ni. Apá òkè ihò ti jẹ wọlé, ó dán yàtọ̀ sí ibi tó kù, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ.

Lánàá mo gbé e lọ bá àbíkẹ́yìn sójà náà, ìyá wa tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. N kò tíì sọ ohun tó jẹ́. Mo kàn fi í sí i lọ́wọ́. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, àtàǹpàkò rẹ̀ lọ tààrà bá ihò náà. Ó ní, "Owó ọlọ́gun. Gbogbo wa la fi í sọ́rùn nígbà tí a ń hu eyín." Ó wá ka orúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́sàn-án, láti orí àkọ́bí. Mo kọ wọ́n sílẹ̀.